Òórùn Kò Sọnù, Ìyàtọ̀ Ló Sọnù: Àkọsílẹ̀ Ìdánwò Kan tí a Fi Oyin Ṣe ní 1997

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1997, ìwé àtìgbàdégbà Nature gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ mẹ́rin jáde: Mark Stopfer, Seetha Bhagavan, Brian Smith àti Gilles Laurent. Caltech ní Califọ́níà ni yàrá ìwádìí Laurent wà nígbà náà, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio sì ni ti Smith. Kòkòrò oyin ni wọ́n lò. Nínú ọpọlọ oyin, bí ó ti rí nínú tiwa náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti kéde ohunkóhun, bí kò ṣe láti kó àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù níjàánu, kí wọ́n má baà máa sọ̀rọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Àwọn mẹ́rin yìí fi oògùn gba ìjánu náà kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá wo ohun tí ìgbóòórùn oyin yóò dà.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: yálà kí oyin má gbọ́ òórùn mọ́ rárá, tàbí kí ó tilẹ̀ máa gbọ́ ọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ẹni tó ń dá a lẹ́kun. Kò sí èyí tó ṣẹ nínú méjèèjì. Oyin ṣì ń gbọ́ òórùn, ó sì rántí èyí tí wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n òórùn méjì tó jọra di ọ̀kan náà fún un.

Oyin kò ní imú. Ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó yọ síwájú orí rẹ̀ ló fi ń gbọ́ òórùn, nǹkan bí 60,000 sẹ́ẹ̀lì ìgbóòórùn ló sì wà lára ìwo kọ̀ọ̀kan. Okùn tín-ín-rín àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí gba inú ìwo kọjá lọ sí apá kan níwájú ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti pín ara wọn sí kókó róbótó-róbótó tó tó 160, kókó kọ̀ọ̀kan sì ní irú sẹ́ẹ̀lì ìgbóòórùn tó ń ránṣẹ́ sí i. Láti inú àwọn kókó yìí ni nǹkan bí 800 sẹ́ẹ̀lì akéde ti ń gbé ìròyìn lọ sí ibi tí oyin ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó sì ń rántí nǹkan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tún wà tí kì í jáde kúrò ní àdúgbò náà rárá, tó jẹ́ pé láti kókó kan sí èkejì nìkan ni wọ́n ń na ọwọ́ wọn dé. Àwọn wọ̀nyí tó 4,000. Ẹ fi iye méjèèjì wéra: 800 ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde, 4,000 ló jókòó sílé tí wọ́n ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí ó tó jáde. Inú àwọn ajókòósílé yìí ni àwọn akóniníjàánu wà.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi gba àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni pé òórùn kan kì í jí kókó kan ṣoṣo. Ẹ mú hexanol, tó wà lára ohun tí imú wa ń gbọ́ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko. Kábọ́ǹ 6 ló tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ẹyọ mólékù rẹ̀. Octanol ní 8. Yàtọ̀ sí gígùn yẹn, kò sí ohun tó yà wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú kókó tí hexanol bá jí ni octanol náà ń jí. Geraniol kò rí bẹ́ẹ̀. Òórùn òdòdó róòsì ni, bí mólékù rẹ̀ ṣe rí yàtọ̀ sí ti àwọn méjì àkọ́kọ́, àwọn kókó tó ń jí sì yàtọ̀. (Oyin fúnra rẹ̀ máa ń tú geraniol jáde láti ìdí rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wálé.) Òórùn mẹ́ta yìí ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, mo sì rò pé ọgbọ́n tó wà nínú yíyan àwọn mẹ́ta yìí ló jẹ́ kí èsì rẹ̀ ní láárí: méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá, ẹ̀kẹta tó jẹ́ àlejò.

Èròjà tí akóniníjàánu fi ń ṣiṣẹ́ ni GABA. Bí ó bá tú GABA sí ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn, àwọn ihò wẹ́wẹ́ kan á ṣí lára sẹ́ẹ̀lì náà, kílóráìdì á ya wọlé, agbára iná mànàmáná inú rẹ̀ á lọ sílẹ̀, kò sì ní lè ránṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Picrotoxin ni oògùn tó ń dí ihò náà. Inú èso ìtàkùn kan ní Gúúsù Éṣíà ni a ti ń rí i, ìtàkùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anamirta cocculus, àwọn apẹja ibẹ̀ sì ti ń gún èso rẹ̀ sómi láti fi mú ẹja, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ilé wa náà ti ń gún ewé sódò. Bí ó bá pọ̀ lára ẹranko, gìrì ló ń fà, torí pé ọpọlọ tí kò ní ìjánu kankan mọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń pariwo pọ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n bíńtín, ní ojú ibi tí a fẹ́, ni irú ìdánwò yìí gbà.

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oyin. Eéṣú ni Laurent ti ń wò ṣáájú. Ó ti rí i pé bí òórùn bá kan eéṣú, àwọn sẹ́ẹ̀lì akéde rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 830, kì í kàn ránṣẹ́ ní rúdurùdu. Wọ́n ń bá ìlù kan lọ, nǹkan bí ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn tí òórùn náà jí á sì jọ ránṣẹ́ ní ojú ìlù kan náà. Èdè wa ní kí a máa “gbọ́” òórùn bí ẹni ń gbọ́ ohùn, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà bá ti eéṣú mu ju bí a ti rò lọ. Ní 1996, Katrina MacLeod àti Laurent fi hàn nínú ìwé Science pé àwọn akóniníjàánu ló ń lu ìlù náà. Nígbà tí wọ́n fi picrotoxin sí i, ìlù dá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì akéde ṣì ń dáhùn sí òórùn, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ṣe ń yára tí ó tún ń falẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òórùn dé òpin rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n wọn kò jọ ṣe é ní àṣepọ̀ mọ́.

Ibi tí àríyànjiyàn ti wọlé nìyí, ó sì tọ́ kí ó wọlé. A rí ìlù nínú ọpọlọ. Ta ló sọ pé ìlù náà wúlò fún ọpọlọ fúnra rẹ̀? Ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń bá iná rìn, tí ariwo bá dá, iná náà á kú, síbẹ̀ kì í ṣe ariwo ló ń tan gílóòbù. Ó lè jẹ́ pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń gbọ́ nínú orí eéṣú. Láti mọ̀ bóyá ìlù náà ń ṣiṣẹ́, a ní láti dá a dúró kí a sì bi ẹranko náà léèrè ohun tí ó ń gbọ́. Oyin ni a lè bi. Láti 1961, nígbà tí Takeda ará Japan ti gbé ọ̀nà náà kalẹ̀, àwọn onímọ̀ ti mọ bí a ṣe ń kọ́ oyin tí a dè mọ́lẹ̀ láti dáhùn sí òórùn, yàrá ìwádìí Smith sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó kọ́kọ́ fi oyin sínú òtútù títí tí kò fi ní lè mira mọ́, a ó sì tì í bọ inú páìpù kékeré kan, a ó dè é, orí rẹ̀ nìkan ni yóò yọ síta, bí ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já gbá mọ́ ẹ̀yìn. Bí ara rẹ̀ bá ti móoru padà, ó lè mi ìwo rẹ̀, ó sì lè na ahọ́n. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan mìíràn tó lè ṣe. Ahọ́n oyin gùn, ó sì máa ń ká a mọ́ abẹ́ orí rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, tí a sì fi ẹ̀kán omi ṣúgà kan ìwo rẹ̀, ahọ́n náà á tú jáde wàrà, á nà gbọọrọ, á máa wá ohun tí yóò lá. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ohun tí a ń kọ́ ọ ni pé kí atẹ́gùn olóòórùn kọ́kọ́ fẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kí ṣúgà sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, oyin náà kì í dúró de ṣúgà mọ́. Bí òórùn yẹn bá ti dé báyìí, ahọ́n ti jáde. Láti ìgbà yẹn lọ, ahọ́n rẹ̀ di ẹlẹ́rìí: bí ó bá nà án sí òórùn mìíràn tí a kò kọ́ ọ, ohun tó ń sọ ni pé, “Èyí náà ni.”

Kí àwọn mẹ́rin náà tó dé orí ahọ́n, wọ́n fi okùn iná wẹ́wẹ́ gbọ́ ohun tó ń lọ nínú ọpọlọ oyin, wọ́n rí i pé ìlù wà níbẹ̀ náà, ó yára ju ti eéṣú lọ, nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, picrotoxin sì dá a dúró bí ó ti dá ti eéṣú dúró. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pín àwọn oyin sí ọ̀wọ́ méjì. Wọ́n fi picrotoxin kan ọpọlọ àwọn ọ̀wọ́ kan. Omi oníyọ̀ lásán ni wọ́n fi kan ti àwọn èkejì, kí ó má baà di pé ọwọ́ tí wọ́n fi kan ọpọlọ ló yí ìwà oyin padà. Wọ́n kọ́ wọn ní òórùn kan, wọ́n sì fi mẹ́ta dán wọn wò: èyí tí wọ́n kọ́ wọn, èyí tó jọ ọ́, àti èyí tí kò jọ ọ́.

Àwọn oyin olómi-iyọ̀ ṣe bí oyin ti ń ṣe. Wọ́n na ahọ́n sí òórùn tí wọ́n mọ̀ jù lọ, iye àwọn tó nà án sí èyí tó jọ ọ́ dín kù, ti àlejò sì kéré jù. Àwọn tó gba picrotoxin náà dá àlejò mọ̀. Wọn kò ṣi geraniol gbé fún hexanol. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan òórùn tó jọra, bí wọ́n ṣe na ahọ́n sí èyí tí wọ́n kọ́ wọn náà ni wọ́n nà án sí ọmọ ìyá rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀.

Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí, nítorí ohun tí kò bàjẹ́ ṣe pàtàkì tó ohun tó bàjẹ́. Bí picrotoxin bá ti sọ oyin di adití sí òórùn ni, kò ní na ahọ́n sí ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ pé agbára ìrántí ló bàjẹ́, òórùn tí wọ́n kọ́ ọ kò ní yàtọ̀ sí geraniol lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé oògùn náà kàn sọ ọ́ di oníwọ̀ra tó ń na ahọ́n sí gbogbo ohun tó bá ti fẹ́ sí i, geraniol ì bá ti jẹ nínú ìwọ̀ra náà. Ọ̀nà mẹ́ta tí èèyàn lè gbà ṣàlàyé èsì yìí láìfi ti ìyàtọ̀ òórùn ṣe, òórùn àlejò kan ṣoṣo ló dí gbogbo wọn. Ní 2000, Hosler, Buxton àti Smith tún ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé dídí GABA lọ́nà lápá ibẹ̀ nínú ọpọlọ ń ba ìdámọ̀ òórùn jẹ́ lóòótọ́.

Ẹni tó bá ń ka Yorùbá lórí fóònù lójoojúmọ́ ti rí irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oyin yìí rí. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé láìfi àmì sí i, “ọkọ” tó jẹ́ ti ìyàwó, “ọkọ̀” tí à ń wọ̀ àti “ọkọ́” tí à ń fi ro oko á di ọ̀kan náà lójú wa, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ẹni tí yóò ṣi èyíkéyìí nínú wọn kà sí “ilé.” Lẹ́tà kò sọnù. Ohun tó sọnù ni àmì tín-ín-rín tó ń ya àwọn tó jọra sọ́tọ̀, àwọn tí lẹ́tà tiwọn ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì nílò rẹ̀.

Èwo wá ni àmì náà nínú ọpọlọ oyin? Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ gbà dáhùn. Ìdáhùn kìíní ti pẹ́: akóniníjàánu máa ń bomi paná àwọn kókó aládùúgbò, kí èyí tó jí jù lọ lè yọrí láàárín ẹgbẹ́, kí èyí tó kàn jí díẹ̀ sì dákẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, àwòrán hexanol àti ti octanol, tí wọ́n ti wọnú ara wọn, á túbọ̀ jìnnà síra. Yokoi, Mori àti Nakanishi ti rí irú rẹ̀ nínú ehoro ní 1995: sẹ́ẹ̀lì akéde tó ń dáhùn sí mólékù tó ní gígùn kan máa ń gba ìjánu bí mólékù tó fi díẹ̀ gùn jù ú tàbí tó fi díẹ̀ kúrú sí i bá dé, bí a bá sì fi oògùn mú GABA kúrò, ìjánu yẹn á dẹ̀. Ìdáhùn kejì ni ti Laurent, pé àsìkò ni àmì náà, pé ojú ìlù tí sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí ni sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìròyìn lókè ń kà, bí ìlù bá sì dá, kò sí ohun tí yóò fi kà á mọ́.

Ìdánwò oyin nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Picrotoxin dá ìlù dúró, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjánu ló mú kúrò kí ìlù tó dá, ohun méjèèjì ló sì lọ pọ̀. Ẹ̀rí tó ti ìdáhùn kejì lẹ́yìn jù lọ wá láti ọ̀dọ̀ eéṣú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1998, MacLeod, Bäcker àti Laurent gbọ́ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó wà ní ìsàlẹ̀ odò ìròyìn náà ń sọ, wọ́n sì rí i pé nígbà tí a bá dá ìlù dúró lókè, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kì í ya òórùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì akéde fúnra wọn ń sọ kò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìròyìn wà nílẹ̀. Àsìkò tí a ó fi kà á ni kò sí. Ní 2002, Silke Sachse àti Giovanni Galizia fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un láti inú ọpọlọ oyin. Wọ́n rí i pé òórùn tó dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì akéde ti mọ́ gaara ju bí ó ṣe wà lára sẹ́ẹ̀lì ìgbóòórùn lọ, àti pé ìjánu ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan: ọ̀kan wà tí picrotoxin ń mú, òmíràn wà tí kò mú. Lójú tèmi, ìyẹn ló jẹ́ kí ó yéni ìdí tí ìgbóòórùn àwọn oyin 1997 kò fi dàrú pátápátá. Ìjánu kan ló já lọ́wọ́ wọn, èkejì ṣì wà. N kò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì kí a sì sọ èkejì nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹranko elégungun, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń jẹ́ granule. Kò ní okùn gígùn tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn, èyí tó rú àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́ lójú gidigidi, títí di 1966 tí Rall, Shepherd, Reese àti Brightman fi ṣàlàyé pé ẹ̀ka kan náà tó fi ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ sẹ́ẹ̀lì akéde ló fi ń dá ìjánu padà fún un. Ní 2010, Abraham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú ìwé Neuron pé àwọn ti yí àbùdá sẹ́ẹ̀lì granule eku padà sí ọ̀nà méjì. Nínú àwọn eku kan, ìjánu lágbára sí i. Nínú àwọn mìíràn, ó dẹ̀. Wọ́n fún wọn ní òórùn àdàlù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà láti yà sọ́tọ̀. Àwọn tí ìjánu wọn lágbára tètè dá wọn mọ̀, àwọn tí tiwọn dẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó dá wọn mọ̀. Nígbà tí òórùn méjèèjì kò jọra, kò sí ẹni tó yára ju ẹnì kan lọ.

Eku kò ṣi òórùn gbé bí oyin, pípẹ́ ló pẹ́. Ó lè jẹ́ pé ààyè tí a fún un ló fà á, nítorí eku lè fa atẹ́gùn símú lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún un fà, kí ó tó pinnu. Oyin inú páìpù kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì ti kọjá lọ. Ahọ́n rẹ̀ ti jáde, tàbí kò jáde.